Ọjọ́ Tí Aláwàdà Fi Àbúrò Mi Ṣe Ẹlẹ́yà

Títí di òní, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé, "Àwàdà lásán ni," ara mi á gbóná. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu àgbà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí a jọ ń kírun ní mọ́sálásí kan náà. Bàbá tó bí mi lọ́mọ náà sọ ọ́. Nínú gbogbo àwọn tó sọ ọ́ fún mi, kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ṣe àwàdà ọ̀hún.

Àbúrò mi obìnrin ni wọ́n fi ṣe é.

Adití ni àbúrò mi. Wọn kò bí i bẹ́ẹ̀. Ó ti ń sọ̀rọ̀, ó ti ń kọrin, ó tilẹ̀ lẹ́nu ju èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, kí ibà líle kan tó gbé e dálẹ̀ nígbà tí kò tíì wọ iléèwé. Ibà náà lọ, ó mú etí rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ìwọ̀nba ohùn tó jẹ́ pé àwa tí a jọ dàgbà nìkan ló yé. Ní àdúgbò wa ní Ìlá, "odi" ni àwọn ènìyàn ń pè é. "Ẹ bá mi pe odi yẹn kó wá wọn èjìká mi." Ìjà tí mo ti jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn kò lóǹkà. Odi kọ́ ni. Ó lóhùn. Àwọn tó yẹ kó fetí sílẹ̀ ni kò ní sùúrù.

Télọ̀ ni bàbá wa. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí ọjà, ibẹ̀ ni àbúrò mi ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ló ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìyá wa ti di olóògbé. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú ìlú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní èdè ọwọ́ tiwa, tí a fúnra wa dá sílẹ̀, tí a wá pò mọ́ ìwọ̀nba tó kọ́ ní iléèwé àwọn adití tó lọ fún ìgbà díẹ̀. Bó bá fẹ́ dárúkọ bàbá wa, á na téèpù tí kò sí níbẹ̀ láti èjìká kan dé ìkejì. Bó bá fẹ́ pè mí, á fi ìka kọ nǹkan sójú afẹ́fẹ́ bí ẹni mú ṣọ́ọ̀kì dání.

Ó fẹ́ràn ẹ̀rín púpọ̀. Ṣùgbọ́n níbi ìkómọ, níbi wòlímọ̀, níbikíbi tí àwọn ènìyàn bá péjọ sí, ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ló máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan á sọ nǹkan, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Òun á kọ́kọ́ wo ojú wọn yíká, á wò mí, lẹ́yìn náà ni yóò wá rín tirẹ̀, nígbà tí tàwọn yòókù ti ń rọlẹ̀. Ẹ̀rín ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń rín. Mo lè fi ọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un o, ṣùgbọ́n ta ló ti túmọ̀ àwàdà rí tí àwàdà náà kò kú mọ́ ọn lọ́wọ́?

Ibì kan ṣoṣo ni kì í ti í pẹ́: ibi tí Bàbá Ìrèsì bá ti ń ṣeré. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n ní Ìlá, nítorí Ìrèsì ni wọ́n ti ń wá. Alùpùpù ni wọ́n ń túnṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí iléèwé bá fẹ́ parí sáà, tàbí bí ẹgbẹ́ kan bá ń ṣe ayẹyẹ, wọ́n á ránṣẹ́ pè wọ́n kí wọ́n wá pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ní ìta, ọ̀rọ̀ wọn kì í tán, pàápàá tó bá di ti bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá ti dé ojú agbo báyìí, wọn kì í la ẹnu. Ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, àti bẹ́ńṣì kan tí wọ́n máa ń gbé lẹ́yìn ọ̀kadà láti Ìrèsì, ìyẹn ni gbogbo ohun èlò wọn.

Mo rántí ọjọ́ tí èmi àti àbúrò mi kọ́kọ́ rí wọn. Pápá iléèwé tí mo ti ń kọ́ni ni. Bàbá Ìrèsì gbé bẹ́ńṣì wọn wọ agbo, wọ́n nù ún dáadáa bí ẹni ń retí ọba, wọ́n sì jókòó sí etí rẹ̀. Bẹ́ńṣì dìde fún wọn. Wọ́n wò ó tìyanu-tìyanu, wọ́n fọwọ́ bẹ̀ ẹ́, wọ́n tún gbìyànjú. Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí àgbébọ̀ adìẹ kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ gba àárín pápá kọjá. Ẹlòmíràn á lé e. Bàbá Ìrèsì gbàgbé bẹ́ńṣì. Wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn bí aláyẹ̀wò iléèwé, wọ́n ń bá adìẹ lọ jẹ́jẹ́, wọ́n ń ka àwọn ọmọ náà níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n dúró. Wọ́n tún un kà. Ọ̀kan dín. Wọ́n gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n wo ọ̀gá iléèwé wa níbi tó jókòó sí lórí àga ńlá. Wọ́n rìn lọ bá a, wọ́n tẹ etí mọ́ àpò agbádá rẹ̀.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rín in sókè, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ gan-an tó máa ń gbé pamọ́ láàárín èrò. Gbogbo àwa yòókù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bú sẹ́rìn-ín tẹ̀lé e. Ọ̀gá iléèwé náà na ọwọ́ sí àpò rẹ̀ bí ẹni fẹ́ wò ó bóyá òótọ́ ni adìẹ wà níbẹ̀, pápá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Lójú ọ̀nà ilé ló bi mí pé báwo ni bàbá náà ṣe mọ̀ pé adìẹ máa kọjá. Mo ní wọn kò mọ̀. Ó dúró. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ pé wọn kò mọ̀, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ronú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ sọ fún mi pé, "Àṣé gbogbo wa la jọ bá a lójijì."

Nígbà tí èmi náà pàdé wọn, mo bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kì í sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ń ṣeré?"

Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ máa ń ṣa ènìyàn, ọmọ mi. Tí mo bá fi Ìgbómìnà sọ ọ́, ará Èkó á jókòó kalẹ̀ máa wò mí. Tí mo bá fi òyìnbó sọ ọ́, ìyá mi náà á máa wò mí. Ṣùgbọ́n ta ni bẹ́ńṣì ò jù nù rí?"

Bó ṣe rí nìyẹn títí di ọdún tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé lẹ́yìn odi pinnu pé ayẹyẹ òpin ọdún tàwọn gbọ́dọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n ní àwọn máa pe aláwàdà kan láti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn tí ojú wọn wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn. Wọ́n tún ní Bàbá Ìrèsì ló máa kọ́kọ́ ṣí agbo. Nítorí Bàbá Ìrèsì ni àbúrò mi ṣe rán aṣọ tuntun, aláwọ̀ búlúù, nítorí wọn náà ló ṣe fà mí lọ sí gbọ̀ngàn ìlú nígbà tí oòrùn ṣì wà lórí. Iwájú gan-an la jókòó sí. Ìjókòó iwájú ni etí rẹ̀.

Obìnrin kan ló jẹ́ alága ètò náà. Ó tó bí mi lọ́mọ. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa fi sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má bínú, ẹnu mi kò gbà á. Òun ló lọ bá Bàbá Ìrèsì níbi tí wọ́n ti ń nu bẹ́ńṣì wọn lẹ́bàá pèpéle, ó ní àkókò ti lọ, ó ní ẹni tó ti Èkó wá ni àwọn ènìyàn wá wò, kí wọ́n fi tiwọn ṣe sùúrù di ọdún mìíràn. Bàbá Ìrèsì kò jiyàn. Wọ́n gbé bẹ́ńṣì wọn, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, wọ́n lọ dúró sí ẹ̀yìn. Àbúrò mi bi mí kí ló ṣẹlẹ̀. Kí n tó dáhùn, aláwàdà Èkó ti gun orí pèpéle.

Ọ̀rọ̀ ni gbogbo tirẹ̀. Ó di máìkì mú, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń da àgbàdo sórí páànù. Ó fi bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Ìgbómìnà ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó fi àwọn ìyàwó ilé ṣe yẹ̀yẹ́, ó fi àwọn arọ ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wò ó, ó ń retí ìgbà tí nǹkan máa bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin náà rí i.

"Sìsí aláṣọ búlúù," ó ní, "kí ló dé? Ṣé ọkọ lé ẹ jáde láàárọ̀ ni?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ń wò ó.

"Mo ń bá ẹ sọ̀rọ̀ o. Ò ń wò mí bíi tẹlifíṣọ̀n tí iná ti lọ níbẹ̀."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò gbọ́ yín. Adití ni." Ọkàn mi sọ fún mi pé á tijú, á yí ọ̀rọ̀ padà. Ṣebí ènìyàn ni òun náà.

Ó yọ ojú síta. Ó kọjú sí èrò. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ má ṣèyọnu, mo gbọ́ èdè wọn." Ó wá gbé máìkì sún mọ́ ẹnu, ó yí ẹnu náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ké, "Àbàbàbà! Ùùù! Àbàbà!" Ó ń ju ọwọ́ káàkiri, ó ń lu àyà, ó ń tọ́ka sí ọ̀run, ó ń fa etí ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni fẹ́ já wọn. Gbọ̀ngàn yẹn mì. Mo rí àwọn tí mo mọ̀. Mo rí òbí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́. Mo rí obìnrin kan tí àbúrò mi rán aṣọ tó wọ̀ sọ́rùn lọ́jọ́ náà, ó ń fi etí ìborùn nu omijé ẹ̀rín.

Ohun tí n kò lè dárí rẹ̀ jì, ohun tó ń jí mi lójú oorun, ni pé àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn. Ó rò pé ọkùnrin náà ti ṣíwọ́ ọ̀rọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ èyí tí ojú lè rí. Ó fi ìgúnpá gbún mi pé kí n wò ó. Ó pàtẹ́wọ́. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín tó ni ẹ̀rín àwọn yòókù ń pọ̀ sí i, àwọn fóònù sì ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ti máa ń ṣe, ó yíjú padà láti wo ojú àwọn ènìyàn, kí wọ́n lè jọ rẹ́rìn-ín pọ̀. Kò sí ojú kan tó ń wo pèpéle. Òun ni gbogbo wọn ń wò.

Àtẹ́wọ́ rẹ̀ dúró láàárín méjì. Ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà tó ṣì ń lọ sókè sódò, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rọra kó wọn sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn.

Èmi ò mọ bí mo ṣe dé orí pèpéle. Mo gba máìkì lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Mo fẹ́ bi wọ́n léèrè pé ọmọ ta ni nínú wọn ni wọ́n á jókòó máa wò tí àlejò ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Mo la ẹnu, mo pariwo, n kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti pa máìkì. Mo ń pariwo, mo ń ju ọwọ́, ohùn mi kò dé ìlà kejì, àwọn ènìyàn yìí sì tún bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé mo wà nínú eré.

Alága náà dì mí lápá. "Tíṣà, ẹ má ba ètò jẹ́ fún wa. Àwàdà lásán ni."

Mo já ara mi gbà. Mo mú àbúrò mi lọ́wọ́, a jáde. Bàbá Ìrèsì wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé bẹ́ńṣì wọn lérí, wọ́n bá wa rìn títí dé ilé. Nígbà tí a dé ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n tó ní, "Ẹ dárí jì wá."

"Bàbá, kí lẹ̀yin ṣe?"

"Iṣẹ́ kan náà ni èmi àti ọkùnrin yẹn jọ ń ṣe," wọ́n ní, wọ́n sì yí padà.

Fídíò náà dé Ìgbájọ, ó dé Ìbàdàn, ó dé ibi tí mi ò mọ̀. Àwọn ẹbí pè wá láti ọ̀nà jíjìn, àwọn mìíràn ń pa ẹ̀rín mọ́ra bí wọ́n ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀. Àbúrò mi kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, ilé ló ti ń rán ohun tó ń rán. Ní iléèwé, mo bá ọmọ kan nínú kíláàsì mi tó ń yí ẹnu, tó ń lu àyà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a, mo tún gbé e sílẹ̀. Kì í ṣe òun ló yẹ kí n gbá.

Láìpẹ́, alága ètò náà kó àwọn àgbà méjì lẹ́yìn wá bẹ̀ wá. Wọ́n gbé páálí ohun mímu dání. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá wa, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò ti ọ̀dọ̀ àwọn wá, ó ní ọ̀dọ́ ni ọkùnrin yẹn, ó ní ẹ̀rín ló kó bá a. Bàbá wa na ọwọ́ láti gbé e dìde.

"Ó ti tán," wọ́n ní. "Ọlọ́run ló ni ìdáríjì. Mo ti dárí jì yín. Àwàdà lásán náà ni."

Igun yàrá kan náà ni àbúrò mi jókòó sí, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó wo apá ibẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ta lẹ bá dárí jì wọ́n? Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà ni?"

"Ìwọ ọmọ yìí, àgbà ń sọ̀rọ̀ o."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ òun. Ó wà níbẹ̀ yẹn."

Alága wò mí, ó wo igun yàrá. "Ṣé á gbọ́ ni?" ló bi mí.

Bí kì í bá ṣe pé ilé bàbá mi ni, mi ò mọ ohun tí mi ò bá ṣe. Àbúrò mi ti dìde. Ó ti ń wo ẹnu wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bi mí kí ni wọ́n wá ṣe. Mo sọ fún un pé wọ́n wá bẹ̀bẹ̀, bàbá sì ti dárí jì wọ́n. Ó na téèpù ní èjìká, ó fi ìka tọ́ka sí àyà ara rẹ̀, ó gbé ojú sókè: bàbá, fún èmi? Lẹ́yìn náà ló ní kí n sọ fún wọn pé ọkùnrin yẹn kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà wo ara wọn.

"Ó ní òun kì í ju ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kò wo òun dáadáa kó tó ṣe é. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó."

Ó mú kẹ̀kẹ́ òwú kan lórí tábìlì, ó di máìkì lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó mọ̀, aláwàdà Èkó ti wà nínú ilé wa. Ṣòkòtò há mọ́ ọn nítan débi tí kò fi lè tẹ ẹsẹ̀. Ó ń fo wáyà tí kò sí nílẹ̀. Ó ń fi ojú kan wo èrò, ó ń fi èkejì wá ẹni tó ń ya fídíò; nígbà tó rí i, ó fa ikùn wọlé. Ó wá ju kẹ̀kẹ́ òwú sílẹ̀, ó di alága: ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, gèlè ń yọ̀ bọ̀ lójú, ó ń fi ọwọ́ kan bẹ̀bẹ̀, ó ń fi èkejì ti páálí ohun mímu síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ti ewúrẹ́ tó kọ̀ tí kò rìn.

Ẹ̀rín já mọ́ àwọn àgbà méjèèjì lẹ́nu kí wọ́n tó rántí ibi tí wọ́n wà. Bàbá wa rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Alága kọ́kọ́ le ojú, ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Ìbínú ti jókòó sí ọ̀nà tí ẹ̀rín ń gbà.

Wọ́n lọ. Ọjọ́ kejì ni àbúrò mi ní kí n mú òun lọ sí Ìrèsì.

Bí òun àti Bàbá Ìrèsì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré pọ̀ nìyẹn. Mo máa ń jókòó tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń tún alùpùpù ṣe, mo ń túmọ̀ fún ọ̀tún, mo ń túmọ̀ fún òsì, títí bàbá fi ní, "Ọmọ mi, sinmi. Ò ń dí wa lọ́wọ́." Òtítọ́ ni. Wọ́n ti ń jà láìsí èmi, wọ́n ti ń parí ìjà, wọ́n ti ń jí bẹ́ńṣì mọ́ ara wọn lábẹ́ ìdí.

Wọ́n pe àwọn méjèèjì sí ibi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìgbájọ. Bàbá wa ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì?" Wọ́n tún fìlà wọn dé, wọ́n ní kí a ṣáà má jẹ́ kí òjò pa wá. Òjò náà kò sì ṣaláì rọ̀. Àwọn òkè tó yí ìlú yẹn ká ti ṣókùnkùn ká tó dé, nígbà tí ètò sì dé àárín, òjò já lu páànù ṣọ́ọ̀ṣì náà bí òkúta. Pásítọ̀ ń la ẹnu, a ò gbọ́ ọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sókè, òjò bò ó mọ́lẹ̀. Akọrin dákẹ́. Gbogbo ènìyàn jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, wọn kò lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi wò yíká. Mo rí i pé ó ti mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan kan nínú ilé yẹn. Ó dìde.

Òrùlé ń jò ní ibì kan níwájú. Ó gbé igbá kan níbi àwọn ẹrù ìkórè, ó fi gba omi. Bàbá Ìrèsì jáde láti ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n gbé bẹ́ńṣì wọn síbẹ̀, wọ́n fẹ́ jókòó. Omi kán sí wọn lórí. Wọ́n wo òkè, wọ́n sún bẹ́ńṣì. Àbúrò mi, tó mú igbá dání, ju omi díẹ̀ sí wọn lọ́rùn láti ẹ̀yìn, ó sì yára wo òkè bí ẹni àánú ń ṣe. Wọ́n tún sún. Ó tẹ̀ lé wọn. Wọ́n sún bẹ́ńṣì yí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì náà ká, wọ́n sún dé ẹ̀gbẹ́ pásítọ̀, pásítọ̀ alára ṣí Bíbélì bo bàbá náà lórí. Àwọn ènìyàn ń dọ̀bálẹ̀ lórí àga. A ò gbọ́ ẹ̀rín ẹnikẹ́ni, òjò ti bo gbogbo rẹ̀. Ẹnu ló ṣí, ikùn ló ń mì. N kò rí irú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà, èmi pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ wọn kò pẹ́ kó tó dé Ìlá. Bí òpin ọdún ṣe tún kù sí dẹ̀dẹ̀, alága ètò padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, àbúrò mi ló kọjú sí, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè rí ẹnu òun. Ó ní kí àbúrò mi àti Bàbá Ìrèsì wá ṣeré ní gbọ̀ngàn. Mo ní láéláé. Mo ní kó jáde kúrò nílé wa. Àbúrò mi mi orí: òun máa lọ.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, mo bínú sí i. Mo ju ọwọ́ sí i bí mi ò ṣe jù ú rí. "Ṣé o ti gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ nínú ilé yẹn?"

Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú kó dúró. Lẹ́yìn náà ló dáhùn, ó ń ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kedere bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. "Bàbá dárí jì wọ́n fún mi. Ìwọ ń bínú fún mi. Èwo ló kù tí èmi fúnra mi fẹ́ ṣe?"

Ọjọ́ náà pé. Mo lọ síbẹ̀. Mo jókòó níwájú. Àwọn méjèèjì jáde, gbọ̀ngàn dákẹ́, kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni mo ń wò. Mo ń ṣọ́ ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń wá ẹni tó máa yí ẹnu, mo ń wá ẹni tó máa gbé ọwọ́ sókè láti sín in jẹ, kí n lè dìde sí i. Kò sí ẹni tó ṣe é. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu orúnkún ara wọn. Àwọn kan náà ni. Obìnrin oníborùn yẹn wà níbẹ̀. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó tíì rìn wá bá àbúrò mi láti sọ pé òun náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, òun sì tọrọ àforíjì. Ọkùnrin Èkó kò wá bẹ̀bẹ̀ rí. Fídíò rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù àwọn ènìyàn, ẹnìkan tún fi í ránṣẹ́ sí mi láìpẹ́ yìí, kò mọ̀ pé àbúrò mi ni.

Nígbà tí eré parí, àbúrò mi sáré wá bá mi, òógùn bo ojú rẹ̀. Ó bi mí, "Èwo lo fẹ́ràn jù?"

Ojú àwọn ènìyàn ni mo ti ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò rí ìkankan nínú rẹ̀.

Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ń ka ojú ènìyàn ju bí ẹ̀yin ṣe ń ka ìwé lọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbá ọwọ́ mi dànù, ó mú àpò rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Mo ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé pípè kò wúlò, mo ní láti sáré kọjá rẹ̀ kí n tó lè bá a sọ̀rọ̀. N kò sáré. Ó ń rìn lọ níwájú, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn, a jọ ń bínú títí a fi délé.